Ta Ló Fọwọ́ Síwèé Ìgbéyàwó Adébùnmí?

"Kà á sókè, kí n gbọ́ bó ṣe máa dún lẹ́nu ẹ."

Dóyin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na bébà kan sí Bísọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí ìyẹn ò tíì bọ́ bàtà snow lẹ́sẹ̀. Láti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Seton ló ti ń bọ̀. Ó ti fi wákàtí méjìlá gbé aláìsàn dìde, ó tún wakọ̀ lórí yìnyín títí tó fi dé ilé wọn ní Redstone, ní Calgary. Ẹni tó bá rí ojú ẹ̀ láàárọ̀ yẹn, tíì gbígbóná ló yẹ kó fún un.

Bísọ́lá kà á sínú. Bébà náà ní òun, Bísọ́lá Adéògún, lòun fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó àbúrò òun obìnrin, Adébùnmí, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Caroline gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó ní ọkọ òun ò mọ̀ sí i. Ó ní òun ti ronú pìwà dà, àti pé láti òní lọ, òun ò ní àbúrò tó ń jẹ́ Adébùnmí mọ́.

"Lọ́sàn-án Sunday lo máa kà á," ni Dóyin wí. "Níwájú gbogbo Yorùbá tó ti gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Àwọn tó ń bá bọ̀ọ̀dá mi du tíkẹ́ẹ̀tì ilé aṣòfin ti ń sọ kiri pé ilé ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin. Ta ló kó o bá wa? Ìwọ. Ìwọ náà lo máa kó o kúrò."

"Àǹtí Dóyin, ẹ jẹ́ n sùn ná."

"Oorun kẹ̀? Ilé ọkọ ẹ ń jó, o ní o fẹ́ sùn. Aláìnítìjú!"

Ẹ jẹ́ n sọ Dóyin fún yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní òun fẹ́ lò nígbà tó dé Calgary. Ó ti lo ọdún kan ààbọ̀ ní basement, yàrá abẹ́ ilé Bísọ́lá. Ọbẹ̀ tí Bísọ́lá bá sè ló ń jẹ, ẹnu tó fi ń jẹ ẹ́ náà ló fi ń bú u. Ohun tó sì ń lé kò ju kí Bísọ́lá kó jáde lọ, kí òun lè gòkè wá láti basement.

Ọláfẹ́mi, ọkọ Bísọ́lá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo snow bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló fọwọ́ síwèé náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2015 tí iye epo rọ̀bì já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tí Ọláfẹ́mi ti ń ṣe ẹnjiníà ní kó máa lọ sílé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Adébùnmí àti Caroline fẹ́ ṣègbéyàwó. Bàbá tó bí Bísọ́lá àti Adébùnmí ti kú, Bísọ́lá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ni Ọláfẹ́mi bá ní òun á dúró bíi bàbá. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló gbé e lọ o. Caroline jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe páìpù epo, Ọláfẹ́mi sì rò pé á fi òun síṣẹ́. Ó wọ agbádá, ó fi oyin àti iyọ̀ wúre fún wọn, ó ní ayé wọn á dùn. Nígbà tí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, òun ló kọ́kọ́ gba bírò. Kò tó oṣù mẹ́fà, wọ́n dá Caroline náà dúró níbi iṣẹ́, Ọláfẹ́mi ò sì mọ ọ̀nà ilé wọn mọ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ ò yọjú, ó wọ òṣèlú, ó ní òun fẹ́ lọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìjà wà nínú ẹgbẹ́ tó wọ̀. Àwọn kan ní òfin ti fàyè gba irú ìgbéyàwó yẹn láti 2005, kí ẹgbẹ́ gbẹ́nu kúrò níbẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò gbà láéláé. Ọláfẹ́mi wò ó, ó rí i pé àwọn tí ò gbà ló pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tó máa dìbò, ló bá di wòlíì wọn lójijì. Nígbà tí Dóyin gbọ́ àhesọ, tó bi í léèrè ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní, "Bísọ́lá ni." Nídìí oúnjẹ ló ti sọ ọ́, lójú Bísọ́lá. Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wọ òṣèlú ló ti ṣèlérí fún un pé òun ò ní tú àṣírí ẹ̀, ó sì pa á mọ́.

Dóyin sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bísọ́lá dojú kọ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ọpẹ́, ẹ wojú mi. Ta ló fọwọ́ síwèé?"

"Rọra, Dóyin á gbọ́. Ìwé lásán ni. Tí ìbò bá ti parí, a ó lọ bẹ Bùnmí."

"Lẹ́yìn tí mo bá ti sẹ́ ẹ lójú ayé? Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe mí."

"Tó ò bá kà á, kó ẹrù ẹ kúrò ńlé yìí. Ọpẹ́ ò bá ẹ lọ síbì kankan."

"Mummy, are we moving?" Ọpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń wò wọ́n látorí àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ Friday, Adébùnmí pè.

"Sìsí mi, Àǹtí Dóyin fi text ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìgbéyàwó wa wá sí hall lọ́jọ́ Sunday, kí gbogbo ayé rí ọwọ́ yín níbẹ̀, kí ẹ má baà sẹ́. Ọwọ́ yín kẹ̀? Ṣé wọn ò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i ni?"

Bísọ́lá ti ilẹ̀kùn yàrá. "Wọn ò mọ̀. Dúró, màá pè ẹ́ padà."

Ó lọ bá Ọláfẹ́mi. "Bàbá Ọpẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́ fún Àǹtí Dóyin kó tó di Sunday. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí gbangba."

"Má dà mí láàmú! Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe."

Kí lẹ fẹ́ kó tún ṣe? Ó pe Adébùnmí padà. "Bùnmí, ẹni tó bèèrè ìwé ni kí o mú un fún. Má fún ẹlòmíì."

Nígbà tí Sunday pé, àwọn Yorùbá kún hall kékeré kan nítòsí ibùdó train ní Marlborough. Pósítà Ọláfẹ́mi wà lára ògiri: Engr. Ọláfẹ́mi Adéògún. Bó ṣe ń kọ ọ́ níbi gbogbo nìyẹn, kódà nínú fọ́ọ̀mù daycare Ọpẹ́ láyé ìgbà yẹn. Alàgbà Ọládọ̀tun, àgbà ìjọ tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, ló ṣe alága. Ọláfẹ́mi fọhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni Dóyin dìde.

"Àtọ̀dọ̀ ìyàwó wa ni gbogbo ìdọ̀tí yìí ti wá. Ó fẹ́ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Bísọ́lá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọpẹ́, bébà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò kà á, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ibẹ̀ ni Adébùnmí àti Caroline ti wọlé, snow wà lórí fìlà wọn.

"Wọ́n dé!" ni Dóyin kígbe. "Mú un wá."

"Dóyin, kí lo ní kí wọ́n mú wá?" Ohùn Ọláfẹ́mi ti yí padà.

"Ìwé ìgbéyàwó náà ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Má gbà á lọ́wọ́ wọn. Dóyin, mo ní má gbà á!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, mò ń gbà yín là."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ Adébùnmí, kò wojú ẹ̀ rárá, ó gbé e fún Alàgbà. Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Alàgbà gbé awò sójú, ó kà á, ó yíjú wo pósítà lára ògiri, ó tún padà sórí ìwé.

"Nínú gbogbo orúkọ tó wà níbí, kò sí Mister, kò sí Missis. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi oyè síwájú orúkọ ẹ̀." Ó gbé ìwé náà sókè. "Ẹlẹ́rìí kìíní, Engr. Ọláfẹ́mi Adéògún."

"Ayédèrú ni," ni Ọláfẹ́mi wí. "Wọ́n fẹ́ bà mí jẹ́ ni."

Caroline ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ ojú ẹni tó ń sẹ́. "Femi," ó ní, "you prayed for us. With the honey."

Alàgbà yọ awò ojú ẹ̀. "Gbogbo yín ló mọ̀ pé mi ò fara mọ́ ìgbéyàwó yìí. Mi ò yí padà. Àmọ́ ọkùnrin tó lọ wúre fún èèyàn, tó wá ti ìyàwó ẹ̀ síwájú kó bá a jẹ ìyà ẹ̀, ìyẹn ò lè ṣojú mi nílé aṣòfin kankan. Ìyàwó wa, má bínú sí wa. Ya bébà yẹn."

Dóyin ti jókòó pẹ̀ẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, ẹ parọ́ fún èmi náà?" Àwọn èèyàn ń wọ jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ń jáde. Nígbà tí ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ dé lọ́jọ́ Saturday tó tẹ̀ lé e, ìbò méjì péré ni Ọláfẹ́mi rí. Dóyin ò sí níbẹ̀ láti dìbò, ó ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Edmonton.

Àmọ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn, níta hall, Ọláfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín fún ìyàwó rẹ̀. "Bísọ́lá, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Má lé mi jáde."

Bísọ́lá ò ya bébà náà. Ó nà án sí i, pẹ̀lú bírò. "Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ kọ tiyín sí i. Ẹ má gbàgbé Engr."

Ọláfẹ́mi dìde, ó pa á rẹ́, ó kọ tiẹ̀ sí i. Bísọ́lá ká bébà náà, ó fi sínú báàgì, ó di ọwọ́ Ọpẹ́ mú, ó ní kí Adébùnmí àti Caroline máa bọ̀ nílé.

"Èmi ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. "Níbo ni mo fẹ́ sùn?"

"Àǹtí Dóyin ń kó jáde lọ," ni Bísọ́lá wí. "Basement á ṣófo."

Irọ́ tó sùn sílé Bísọ́lá fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ fi lé e bá. Nígbà tí wọ́n dé Redstone, Adébùnmí wọ kíṣìnnì, ó ń gbọ́ oúnjẹ, Ọpẹ́ sì ń kọ́ Caroline bí wọ́n ṣe ń pe "ẹ kú iṣẹ́". Bísọ́lá bọ́ bàtà snow lẹ́sẹ̀, ó gòkè lọ, ó sì sùn títí di ọjọ́ kejì.