Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Àtọ̀húnrìnwá

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má tíì jù ú nù. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan níbi tí wọ́n ti ń la pákó ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé o máa rí ara rẹ níbẹ̀.

Tiwa-n-Tiwa ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ọdún méjì gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fi bá a jẹun. Nígbà tí wọ́n wá gbà á mọ́ra, ó búra pé òun kò tún ní dá jẹun mọ́ láé. Bó ṣe di ọ̀gá, àwọn tirẹ̀ nìkan ló ń fún ní ẹ̀rọ tuntun. Ìyà tó jẹ ẹ́ kò kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ìkà ló kọ́ ọ.

Òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn. Àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀rọ ògbólógbòó tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n gbé fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sọ pé, "Ọ̀gá, tí mo bá pa ẹ̀rọ yẹn, kì í kú."

"Tí kò bá wù ọ́, máa lọ sílé yín!"

Àwọn tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀gá yìí ń jókòó sí. Alágàbàgebè!

Ìkà sì ká oníkà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ àbúrò ọ̀gá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bàjẹ́, ọ̀gá ní kó lọ lo ti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbàgbé ohun tó gbọ́, torí ẹnu àlejò ló ti jáde. Ayùn gbá apá aṣọ àbúrò mú, ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n pa ẹ̀rọ, kò kú. Gbogbo "tiwa" ń pariwo lásán, wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Àtọ̀húnrìnwá ló sáré fa wáyà yọ lára ògiri. Ìka méjì lọ, ọwọ́ kù.

"Èmi ni mo gé ìka ọmọ ìyá mi," ni Tiwa-n-Tiwa ń wí. Ó bi Àtọ̀húnrìnwá pé, "Kí ló dé tí o fi gbà á là?"

"Ọ̀gá, ìta tí ẹ tì mí sí, Jésù wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ bẹ̀ Ẹ́, á dárí jì yín."

Ọ̀gá kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sunkún, ó bẹ Ọlọ́run, ó sì bẹ àlejò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tirẹ̀ kọ̀ ọ́ torí pé ó bẹ àlejò, wọn ò bá a jẹun mọ́. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Àtọ̀húnrìnwá.

Ìwọ ńkọ́? Ṣé dandan ni kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá rẹ ṣàn kí o tó gbọ́? Ẹgbẹ́ rẹ kò ní bá ọ dúró níwájú ìtẹ́ ìdájọ́. Ronú pìwà dà lónìí! Jésù tí ò ń kọrin sí, àwọn ènìyàn Rẹ̀ ló kọ̀ Ọ́, ẹ̀yìn odi ìlú ni wọ́n sì pa Á sí. Ibi tí ò ń lé ẹlòmíràn lọ yẹn ló wà. Jáde, lọ bá A níbẹ̀.