Wáyà Tí Jẹ́jẹ́ Yọ

Iwájú dígí ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sí látìgbà tí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Ó gbé gìtá béèsì pupa kan kọ́rùn, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó ń wò ó bóyá ó bá aṣọ òun mu. Bọ̀dá Onígìtá, àbúrò ìyá rẹ̀, ló mú un wá. Ó ti ṣèlérí fún un pé bó bá fi lè yege wọ kíláàsì àgbà, òun á ra béèsì fún un, ó sì ti yege.

"Wá gbé èyí wò ná," ni bọ̀dá wí. Òun ti jókòó ní tiẹ̀, ó gbé béèsì kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lé itan, ó ń ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó bá ọwọ́ rẹ mu. Kò wúwo, kò sì ní wàhálà."

"Bọ̀dá, ìyẹn dà bíi ti bàbá àgbà."

"Ṣé ojú lo fẹ́ fi ta á ni?"

Obìnrin tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tilẹ̀ gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí pèpéle, iná ń tàn sí i lára, gbogbo ilé ìwé ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Bọ̀dá mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ìwọ lo máa gbé e kọ́rùn, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ o. Pupa yìí ń lo bátìrì, ẹ̀yìn rẹ̀ níbí ló wà. Gbàrà tó o bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́ ni bátìrì ti ń ṣiṣẹ́, ò báà máa ta á, ò báà gbé e kalẹ̀. Tó o bá ti ṣe tán, yọ wáyà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bọ̀dá."

Irọ́ ni. Dígí ló ń wò.

Ní ilé ìwé, àwọn méjì ló ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin. Ẹnì kejì ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Orí bẹ́ńṣì kan náà ni òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń jókòó láti kíláàsì kìíní, bí bírò ọ̀kan bá gbẹ, ti èkejì ni wọ́n jọ ń lò. Jẹ́jẹ́ kò ní béèsì nílé. Èyí tó jẹ́ ti ilé ìwé ló ń lò, ògbólógbòó kan tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti máa ń wà nínú yàrá orin tó ń fi kọ́ra, torí ó fẹ́ ṣe ìdánwò orin nígbà àṣekágbá, wọ́n á sì ní kó ta béèsì níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Tíṣà orin tìtorí ẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tiẹ̀ ní ìwà kan. Tí wọ́n bá ti kọ́ orin tán, á gbé béèsì pupa rẹ̀ dúró sórí irin tí wọ́n ń gbé gìtá lé, láàárín yàrá gan-an, pẹ̀lú wáyà nínú rẹ̀. Wáyà yẹn ń mú kó dà bíi ti àwọn olórin ńlá, ó sì fẹ́ kí ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé mọ ohun tí òun ní. Á wá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sílé. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ pàápàá, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wòran, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Orin àkọ́kọ́ lọ geere. Nínú orin kejì, ibì kan wà tí gbogbo ohun èlò yòókù á dákẹ́ kí béèsì nìkan lè sọ̀rọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ síwájú, ó gbàgbọ́ pé ọjọ́ òun ti dé. Ó ta okùn. Béèsì náà há bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Ó tún un ta, ó wúkọ́. Ó yí bọ́tìnnì ohùn síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ ti áńpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ohùn náà kàn ń lọ sílẹ̀ ṣáá ni, títí kò fi dún mọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ tó ti gbé fóònù sókè láti yà á ní fídíò rọra gbé e sílẹ̀.

Tíṣà orin fi orí júwe sí Jẹ́jẹ́ pé kó gbà á. Jẹ́jẹ́ gbé ògbólógbòó rẹ̀, ó bá orin náà lọ dé òpin. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ gan-an. Àtẹ́wọ́ yẹn ló dun Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ju ẹ̀rín lọ.

Wọn kò tíì kúrò lẹ́yìn pèpéle tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi figbe ta. "Ta ló fọwọ́ kan gìtá mi?"

Onílù wọn ní òun rí Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Òjò ń ta wọlé láti ojú fèrèsé, mo bá sún un. Mo rí wáyà nínú rẹ̀, mo sì yọ ọ́."

"Ẹ gbọ́ o! Ó yọ ọ́! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú sí àwọn òbí tó ti ń yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìlara ni! Torí pé kò ní tiẹ̀ ló ṣe ba tèmi jẹ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde tán, kò ṣeé kó padà. Tíṣà orin, tí ojú ń ti òun náà lọ́dọ̀ àwọn òbí, na ọwọ́ sí Jẹ́jẹ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mi ò fẹ́ rí ọ nínú yàrá orin mọ́."

"Mà, ìdánwò mi ńkọ́?"

"Ṣé ìgbà tó ò ń ṣe é lo ò rántí ìdánwò?"

Ní òpin ọ̀sẹ̀, Bọ̀dá Onígìtá yà nílé wọn lọ́sàn-án. Ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ròyìn fún un, bọ̀dá sì ní kí wọ́n gbé béèsì náà pẹ̀lú áńpù rẹ̀ wá sí pálọ̀. Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà, béèsì ṣì ń há. Ó so ó mọ́ áńpù tiẹ̀ tó lọ gbé wá láti inú ọkọ̀, kò yàtọ̀. Ó wá dà á dojú dé, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bátìrì, ó fi tuntun sí i. Ó ta okùn kan ṣoṣo, àwọn ife orí tábìlì gbọ̀n.

"Bátìrì ló kú," ó ní. "O máa ń fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀, àbí?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bọ̀dá... tí ẹnì kan bá yọ wáyà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ṣé ìyẹn lè bà á jẹ́?"

"Bà á jẹ́ kẹ̀? Onítọ̀hún ló jẹ́ kó o rí orin àkọ́kọ́ ta. Ó yẹ kó o lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Bí ilẹ̀ bá lanu nínú pálọ̀ yẹn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ì bá kó wọnú rẹ̀. Ó mú bátìrì tó kú náà lórí tábìlì kí ìyá rẹ̀ má baà bi í léèrè, ó sọ ọ́ sínú àpò ìwé rẹ̀. Ojú ń tì í bó ṣe ń jẹun, ojú ń tì í bó ṣe ń fọ abọ́. Ó fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ padà sínú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí òun ṣe. Ọgbọ́n burúkú kan wá sí i lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì tíṣà orin lọ. "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ti dárí jì Jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó padà wá."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ! Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí tíṣà ṣe dìde fò, tó ní ó tipẹ́ tí òun ti rí ọmọ tó láàánú bẹ́ẹ̀. Ó pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ sí yàrá orin, ó ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́, ó sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró síwájú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tẹ́. Ìtìjú orí pèpéle kò tó ìdajì èyí.

"Ó yá, Jẹ́jẹ́," ni tíṣà wí. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, kó o sì ṣèlérí pé o ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́."

"Mi ò lè dúpẹ́, mà," ni Jẹ́jẹ́ wí pẹ̀lú ohùn tí kì í ròkè yẹn. "Mi ò ṣe nǹkan tí wọ́n á torí ẹ̀ dárí jì mí."

"Èwo wá ni ti agídí yìí? Òní ni mò ń fi orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò ránṣẹ́. Tó ò bá lè dúpẹ́, mi ò ní fi tìẹ sí i."

Omi lé ròrò sójú Jẹ́jẹ́, àmọ́ kò bẹ̀bẹ̀. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Ẹ dúró, mà!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò mọ ìgbà tó kígbe. Ó tú àpò ìwé rẹ̀, ó mú bátìrì tó kú jáde. Ó da béèsì pupa tó gbé padà wá láàárọ̀ dojú dé lórí itan, ó yọ bátìrì tuntun, ó fi èyí tó kú sí i, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó wá ta ibi tó ti tẹ́ lójú gbogbo òbí. Béèsì há. Ó wúkọ́. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó pa á mọ́ra.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyí," ó ní. "Bátìrì ló kú. Èmi ni mo pa á, torí mo máa ń fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ṣe fáàrí. Jẹ́jẹ́ yọ ọ́, oore ló ṣe mí. Mo ti mọ̀ kí n tó wá sí ọ́fíìsì yín láàárọ̀ yìí, mà. Irọ́ ni mo pa. Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ dárí jì í. Òun ló lè dárí jì mí. Jẹ́jẹ́, jọ̀ọ́, má bínú."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Tíṣà orin mú kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú àpò rẹ̀, ó bá Jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi náà jẹ̀bi rẹ, ọmọ mi. N kò wádìí. Orúkọ rẹ á wà lára àwọn tí mò ń fi ránṣẹ́ lónìí. Má bínú." Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní kò ní bá wọn ta béèsì mọ́ ní sáà náà, ohun tó sì sọ níbí, á tún un sọ níwájú àwọn òbí tó gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kọ́ orin tán lójoojúmọ́, òun ni kó máa ká gbogbo wáyà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ó sọ ọ́ níwájú àwọn òbí lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò wolẹ̀, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré dé yàrá orin, ó gbé béèsì pupa síta, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ti múra ẹ̀ sílẹ̀. "Gbé tèmi lọ," ó bẹ Jẹ́jẹ́. "Ohùn rẹ̀ dáa ju ti ilé ìwé lọ."

Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo béèsì náà, ó gbé ògbólógbòó rẹ̀ kọ́ èjìká. "O ṣé. Tèmi kì í jẹ bátìrì."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri yàrá ìdánwò, ó ń gbọ́ bí béèsì àtijọ́ yẹn ṣe ń dún jinlẹ̀, tí kò há níbì kankan. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e yékéyéké. Ariwo lòun fi ba orúkọ ọ̀rẹ́ òun jẹ́, òun wá fẹ́ tún un ṣe ní bòókẹ́lẹ́, kí ojú má baà ti òun. Ẹni tó bá parọ́ mọ́ èèyàn ní gbangba, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kó yáa lọ jẹ́wọ́ ní gbangba, torí bó bá ń sá fún ìtìjú, ńṣe ni ìtìjú náà á máa pọ̀ sí i.

Nígbà tó padà sí yàrá orin láti wá ká wáyà, ó rántí lójijì. Kò yọ wáyà tó kì bọ béèsì rẹ̀ láàárọ̀. Ó sáré wọlé. Béèsì pupa wà lórí irin rẹ̀. Ẹnì kan tó ti ìdánwò bọ̀ ti yọ wáyà náà, ó sì ti ká a dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.