Ìṣó Inú Igi Ọ̀gánwó

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Atẹ̀gi-sámọ̀ kò tóbi rárá. Kò gùn ju ibùsùn lọ, ó sì ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ ń ti ibẹ̀ kán tó-tó-tó sórí amọ̀ táìlì tí wọn ò tíì sun, láìfara kàn án. Láyé àtijọ́, rọ́bà tí wọ́n rì bọnú àwọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára táìlì. Bí wọ́n bá fọ rọ́bà náà tán, odò Arẹ́yìn ni wọ́n ń da omi rẹ̀ sí, àwọn ẹja á sì kú léfòó. Ẹ̀rọ tuntun yìí kò ní ohun tí wọ́n ń fọ̀. Ìwọ̀nba àwọ̀ tó bá nílò ló ń kán sílẹ̀. Akínlabí ló ṣe é, ìlú Òkè-Arẹ́yìn sì ń fi í yangàn, torí ẹja ti padà sódò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ igi ló ń jẹ Akínlabí lọ́kàn jù. Àwọn olówó fẹ́ràn kí wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ bàtà ni wọ́n ń wọ̀ rìn lórí ẹ̀. Wọ́n gé igbó ìlú náà títí ó fi ku ọ̀gánwó kan ṣoṣo, ìyẹn èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tí kò sí igi tó máa dá omi dúró mọ́, àgbàrá ya wọ̀lú. Ó gbé ilé tí àwọn òbí Akínlabí ń gbé nígbà náà lọ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò inú ẹ̀, ó sì gbé Ìbídùnní, àkọ́bí ìyá rẹ̀. Wọn ò rí òkú ọmọ náà. Wọn ò tíì bí Akínlabí nígbà yẹn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Síbẹ̀, Ìyá Ìbídùnní ni gbogbo ìlú ṣì ń pe ìyá wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó jẹ́ ti ọmọ náà. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, bàbá wọn máa ń mú un dúró ti ọ̀gánwó, á sì kan ìṣó síbi tí orí rẹ̀ bá dé. Igi náà ń sanra, ó gbé àwọn ìṣó náà mì, èèpo bò wọ́n mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ ni Ìyá Ìbídùnní máa ń lọ fọwọ́ pa á lára.

Kí Atẹ̀gi-sámọ̀ tó lè tẹ táìlì tó jọ pákó gidi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí inú igi gidi, kí wọ́n rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gánwó yẹn nìkan ló kù. Bàbá Adégorúsẹ̀n, olórí àwọn àgbà ìlú, bi Akínlabí bóyá pípa èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní títọ́jú igi. Akínlabí fèsì pé àwọn olówó ò ní jẹ́ kí àwọn igi kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn dàgbà, àfi bí wọ́n bá rí ohun mìíràn tẹ́ sílé. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó ní kí ó lọ bi ẹni tó ni igi.

“Màámi,” Akínlabí wí, “irin máa ń sọ pákó di dúdú. Ibi tí ìṣó kọ̀ọ̀kan wà máa hàn lára táìlì. Màá tò ó sára ògiri yàrá yín látìsàlẹ̀ dókè. Ẹ ó tún fojú rí bí Ìbídùnní ṣe ga tó.”

Ìyá náà bi í pé: “Ṣé gbogbo ẹ̀ ni màá rí?”

“Gbogbo ẹ̀, Màámi.”

“Ó dáa. Gé e.”

Wọ́n gé e. Ẹ̀rọ wo igi náà láwẹ́láwẹ́, wọ́n sì lọ àwẹ́ kọ̀ọ̀kan kúnná, wọ́n dà á sídìí àwọn igi kéékèèké, torí Akínlabí fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ ṣòfò. Àwọn ìṣó tí ayùn bá pàdé, wọ́n yọ wọ́n sínú abọ́. Nígbà tí táìlì jáde, ẹnu ya gbogbo ayé. Láti Èkó títí dé àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí òṣùpá, wọ́n ń ránṣẹ́ wá rà á, kò sì sẹ́ni tó béèrè pákó mọ́.

Akínlabí to ti ìyá rẹ̀ sára ògiri. Ó mọ́ lóló. Kò sí àmì dúdú kankan. Ó rò pé òun ló tò ó sódì, ló bá tú u, ó tún un tò. Ó wá sáré lọ bi ọpọlọ-irin tó ń darí ẹ̀rọ náà.

“Àbùkù wà lára igi náà,” ọpọlọ-irin dáhùn. “Mo ti tún un ṣe.”

Akínlabí ní kó mú àwòrán tó kọ́kọ́ rí jáde.

“Mi ò tọ́jú ohun tí a ò ní lò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

Akínlabí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ẹ̀rọ, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ ìṣó, ó lọ bá ìyá rẹ̀.

Ìyá Ìbídùnní ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ògiri, ó ń fọwọ́ wá àmì ìṣó látìsàlẹ̀ lọ sókè. “Labí, èwo ni ti ọdún tó kọ́kọ́ dìde dúró?”

Akínlabí jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀rọ ti pa àwọn àmì náà rẹ́. Ìyá náà da ìṣó sórí itan, ó ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì dípẹtà bákan náà. Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni tó gbé e lé ọmọ lórí. Ó gbé e sókè díẹ̀. Ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Ṣé ibí ni?” ó bi ọmọ rẹ̀. “Àbí ó ga ju báyìí lọ?”

Akínlabí, tí kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, kúnlẹ̀ tì í, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.