Kókó Tí Téèpù Kò Lè Dín Kù

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rẹ́gí, nítorí ohun tó bá rán a máa bá ara mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n irọ́ ń bẹ nídìí téèpù rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, á dẹ téèpù náà díẹ̀ lára rẹ̀, á ní, "Ẹ mà ti sanra o! Ẹ fi yáàdì kan kún un." Yáàdì náà kì í padà sílé olówó rẹ̀; inú àpótí Rẹ́gí ló ń wọ̀.

Nígbà tí kókó yọ sí Rẹ́gí lọ́rùn, téèpù yẹn náà ló fi wọ̀n ọ́n. Lóṣù kejì, ó fà á le kí iye rẹ̀ má bàa lọ sókè. Lóṣù kẹta, ó tún fà á le sí i. Ó wá ń rán kọ́là gíga fún ara rẹ̀.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á dìde, á fọwọ́ kan ọrùn, á tún jókòó. Òógùn ń bò ó lábẹ́ fáànù, èémí rẹ̀ sì ń kúrú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ló wọ́ ọ lọ sí ọsibítù.

Dókítà gbé àwòrán àyà rẹ̀ sójú iná. "Bàbá, jẹjẹrẹ inú kókó ara ni, àwọn kókó kéékèèké tó ń bá àrùn jà, ó sì ti tàn ká. Ti ọrùn yìí kéré. Ti inú àyà ló tóbi: ó ti gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú àyà yín lọ. Ká ní ẹ tètè wá ni, ìtọ́jú ì bá rọrùn ju báyìí lọ. Oògùn tó le la ó lò, bóyá ká tún fi ìtànṣán jó ohun tó bá kù. Mi ò lè ṣèlérí, àmọ́ àwọn kan ń yè é."

Rẹ́gí fa téèpù yọ lápò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún un wọ̀n."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

Lórí bẹ́ǹṣì níta, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi gbàdúrà kí kókó yìí yọ́."

"Màá gbà á. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni tó kún àpótí rẹ ńkọ́? A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Jésù ò wo kọ́là, inú lọ́hùn-ún ló ń wò. Ó mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ṣe tóbi tó, ó sì kú nítorí rẹ̀."

Ẹkún gbọn Rẹ́gí jìgìjìgì. "Olúwa, mo ti ń fa téèpù tipẹ́! Ṣàánú mi!"

Kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọ ara rẹ̀, ó ti gbé àpótí náà kiri ilé àwọn oníbàárà, ọrùn rẹ̀ wà níta láìsí kọ́là. Ìyá àgbà kan gba aṣọ rẹ̀, ó wo kókó náà, ó sì fọwọ́ lé e lórí. Oògùn ti ń wọ ara rẹ̀ báyìí, kókó inú àyà sì ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. A ò tíì mọ ibi tó máa já sí. Ṣùgbọ́n Rẹ́gí ti lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má tíì ká a. Kí lo fi kọ́là bò? O ti wọ̀n ọ́n títí, o ní kò tóbi. Ohun tó ń dàgbà nínú rẹ kò gbọ́ ti téèpù. Má fi ọ̀la dá Ọlọ́run lóhùn. Níbi tó o wà yẹn, sọ bó ṣe tóbi tó fún Jésù lónìí.