Fáìlì Tí Chitou Kọ̀ Láti Ṣí

Ọjọ́ Sátidé kan ní Savalou ni Rahimath kọ́kọ́ jókòó ti Chitou. Yàrá ìkàwé kan ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà ti máa ń pàdé, tí wọ́n á sì bá ara wọn díje. Iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ fáìlì kan tí wọ́n fún pọ̀, bí ẹni ká aṣọ púpọ̀ sínú àpò kékeré. Bí o bá tú u, wàá bá òmíràn nínú rẹ̀, títí dé ọgọ́rùn-ún.

Chitou, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti tú mẹ́tàlélógún nígbà tí Rahimath rọra ní kí ó sinmi. Ọmọ Bantè ni Rahimath, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kọ àṣẹ ìlà mẹ́rin péré, kọ̀ǹpútà sì tú gbogbo ìyókù fúnra rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?" Chitou bi í.

"Ọ̀lẹ ló kọ́ mi. N kì í fẹ́ ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń díje pọ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lọ́kàn.

Affis, bàbá Rahimath, kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọkùnrin náà mọ bí a ṣe ń já ọ̀rọ̀ aṣínà tí èèyàn fi ń ti fáìlì pa. Lójú tirẹ̀, gáyímáànù ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń lu èèyàn ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Rahimath ṣàlàyé títí pé àwọn tó ni ìdíje ló ti fáìlì wọ̀nyí pa kí àwọn lè fi kọ́ṣẹ́. Bàbá ní òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tí ọlọ́pàá yóò wá gbé.

Síbẹ̀, nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Chitou. Ó gbé kilé kékeré kan sórí tábìlì, irú èyí tí a ń kó fáìlì sí. Ti Idrissou àbúrò rẹ̀ ni, ayafọ́tò tó ti dolóògbé; inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Bàbá ti mú un. Fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Bàbá gbà pé ìwé oko kajú wọn ní Lougba ló wà níbẹ̀. Ó ní bí Chitou bá lè ṣí i, ọ̀rọ̀ Rahimath yóò rọrùn.

Chitou wo Rahimath, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó olóògbé mọ̀ sí i?"

"Àbúrò mi ni. Kí ló kàn án?"

"Ohun ọkọ rẹ̀ ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, n kò lè ṣí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rahimath ni mo máa pàdánù."

Bàbá bínú, ó ní kí ó máa lọ. Rahimath sunkún, ṣùgbọ́n ó wá fẹ́ràn Chitou ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oṣù kan kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Bàbá gbádùn. Ó gun alùpùpù lọ sí Lougba, ó sì sọ òtítọ́ fún Bilkissou, opó àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà ní òun náà fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀lé e bọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Chitou.

Rahimath ní kí Bilkissou dárúkọ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà dán wọn wò: orúkọ oko, orúkọ àwọn ọmọ, orúkọ alùpùpù rẹ̀. Fáìlì kò ṣí. Níkẹyìn, ojú ti Bilkissou díẹ̀, ó sún mọ́ Rahimath, ó sì sọ orúkọ tí Idrissou máa ń pè é nínú yàrá sí i létí. Chitou kọjú sí ògiri. Rahimath tẹ orúkọ náà, fáìlì sì ṣí.

Kò sí ìwé oko kankan níbẹ̀. Fọ́tò ni: Bilkissou nígbà ọ̀dọ́, Bilkissou lábẹ́ igi kajú, àti ìyá Affis tó ti kú, tó ń bó iṣu, tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ rí. Ó wò ó pẹ́.

"Chitou," ó ní, "ní kí àwọn òbí rẹ wá."

Wọ́n so yìgì wọn ní Bantè lẹ́yìn ìkórè iṣu. Ìyá Chitou, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mahi, fi èdè rẹ̀ súre fún ìyàwó. Nígbà tí Rahimath fi èdè náà dá a lóhùn, ìyá dì mọ́ ọn. Bí Chitou ṣe ń gbé e lọ sí Savalou lórí alùpùpù, Rahimath fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Chitou bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Kò rẹ̀ mí, olólùfẹ́ mi. Rọra máa lọ."