Òwú Lẹ́sẹ̀ Òròmọdìẹ

Lọ́jọ́ tí Ràhámọ̀tù kọ́kọ́ fojú kan Rájí, ohun tó rò ni pé ọkùnrin náà fẹ́ gbé òròmọdìẹ mì láàyè.

Ìdí tábìlì Máláàmù onítíì ni, lẹ́bàá ọjà Odò-Ọ̀rì, lọ́dún tí àwọn sójà ń fi kóbókò kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa ara. Ó gbé kọ́ọ̀bù sókè, ó ń gbé e bọ̀ lọ́nà ẹnu. Lójijì, orí kékeré kan yọ jáde nínú kọ́ọ̀bù náà, ó sì ké ṣíoṣío.

Igbá ẹ̀kọ orí Ràhámọ̀tù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún o!"

Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Máláàmù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbójú sókè, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin. Ràhámọ̀tù kò mọ ohun tó gbá a láyà. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀ tí òun alára kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, búrẹ́dì ni mo jẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń là sí ẹ̀gbẹ́. Inú kọ́ọ̀bù há, kò sí àyè tí yóò là á sí. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ ìdúró."

"Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé!" Ràhámọ̀tù ti gbàgbé ẹ̀kọ. "Àná ló jáde nínú ẹyin, ajá sì pa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjú sí ìlà-oòrùn, ìkejì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bàbá mi ní kí n fún un lọ́rùn kó sinmi."

"Inú kí lẹ tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Abọ́ tánganran ìyá mi. Kò sí abọ́ tó dára tó o nílé wa."

"Abọ́ náà ló ṣe é."

"Kí lẹ wí?"

"Ilẹ̀ abọ́ tánganran ń yọ̀. Ọmọ ọjọ́ kan kò ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe ń yọ̀ lẹsẹ̀ ń là."

Ràhámọ̀tù jókòó pẹ̀ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Láti ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abọ́ yẹn bu omi. Ìfẹ́ ló mú kó gbé e kalẹ̀ fún òròmọdìẹ náà. Àṣé ìfẹ́ lè ba ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́ báyìí!

Lọ́jọ́ náà gan-an, Rájí gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ilé wọn. Ọmọ Ilé-Ogbó ni. Ilé iṣẹ́ adìẹ kan ló ń bá ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin, àwọn òròmọdìẹ tẹ́sẹ̀ wọn kò dára tí wọ́n fẹ́ dà nù ló sì máa ń kó sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sílé. Ó tẹ́ àpò ìdọ̀ho sí abẹ́ òròmọdìẹ náà. Ó ya báńdéèjì funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi àyè ìka kan sí àárín.

"Má so ó le," ó kìlọ̀. "Lóròòwúrọ̀, tú u, kó o fi tuntun so ó. Ojoojúmọ́ ló ń dàgbà. Bí èyí bá pẹ́ jù, á gé e lẹ́sẹ̀."

Ọjọ́ kejì, ó tún dé. Ọjọ́ kẹta, ó dé.

"Bọ̀ọ̀dá Rájí, ṣé òròmọdìẹ lẹ wá wò àbí èmi?"

"Òròmọdìẹ ni. Ìwọ, ẹsẹ̀ tìrẹ dúró dáadáa. Ọkàn èmi ni kò dúró mọ́."

"Ẹ wá báńdéèjì fún un."

"Kí ni mo wá wá síbí?"

Ràhámọ̀tù fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Àfáà Mùkáílà, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí awọ àgbò rẹ̀. Àgbà olùkọ́ kéú ni. Tẹ̀sùbáà dúdú kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òwú aláwọ̀ ewé tó rọ̀ bí ìyẹ́ sì wà ní ìdí rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ ọ ní kéú ló mú un ti Mẹ́kà bọ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ Àtàlátà, Rájí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ fi Ràhámọ̀tù ṣe aya."

Tẹ̀sùbáà dúró. Ràhámọ̀tù, tó ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò, fi ọwọ́ kan ẹyinná kò sì mọ̀. Kò tíì sọ irú rẹ̀ fún òun náà rí!

"Ọjọ́ mélòó lo mọ̀ ọ́n?" ni Àfáà bi í.

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Mẹ́rin! Ọmọ mi kan ṣoṣo, kó wá máa bá ọ nu ìdí adìẹ?" Ó nawọ́ sí òròmọdìẹ náà. "Ẹ wo èyí tí ẹ so bí ẹrú. Bó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí awọ àgbò mi yìí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ sí mọ́sálásí, wá bá mi sọ̀rọ̀. Bí kò bá rìn, n kò fẹ́ gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ rẹ ládùúgbò yìí mọ́. Títí di ọjọ́ Jímọ̀, má wá síbí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àlàrùba, ìròyìn dé láti Olúpọ̀nnà pé Fàtímọ̀, àbúrò ìyá Ràhámọ̀tù, ti bímọ, kò sì sí ẹni tí yóò pọnmi fún un. Bí Ràhámọ̀tù ṣe sáré wọ ọkọ̀ nìyẹn. Ibi tó ti ń wẹ ọmọ tuntun lọ́sàn-án lọ́jọ́ Àlàmísì ni ó ti ṣàdédé rántí.

Kò pààrọ̀ báńdéèjì ẹsẹ̀ òròmọdìẹ!

Kò sí ẹni tó lè rán. Kò lè fi abiyamọ sílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó wà nílé pẹ̀lú òròmọdìẹ náà ni ẹni tó ní kí wọ́n fún un lọ́rùn. Ó fi aṣọ ọmọ nu omi ojú rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ Fàtímọ̀ dé láti tọ́jú abiyamọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó gòkè, Ràhámọ̀tù sáré wọ àgbàlá wọn. Àpò ìdọ̀ho ṣófo. Kò gbọ́ ṣíoṣío kankan.

"Bàbá ti pa á," ó wí.

Nǹkan kan ta á ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Òròmọdìẹ náà ló ń ṣa èérún àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró ṣánṣán! Ṣùgbọ́n báńdéèjì funfun kọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òwú aláwọ̀ ewé ni.

Ràhámọ̀tù yíjú sí ibi tí tẹ̀sùbáà bàbá rẹ̀ ń rọ̀ sí lára ògiri. Ìdí rẹ̀ pá bọrọgidi. Wọ́n ti fi abẹ gé òwú rẹ̀.

"Bàbá!"

Àfáà Mùkáílà jáde, ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọ kéú tí kò mọ wálà rẹ̀ kà. "Báńdéèjì yẹn ti ń gé e lẹ́sẹ̀ lánàá. Mo tú u, ẹsẹ̀ tún là. N kò rí òwú mìíràn tó rọ̀ nílé."

"Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Rájí ì bá ti parí."

"Ṣé o rò pé n kò rò ó?" "Láti ìrun Àìlà títí dé ìrun Àsárì ni mo jókòó tì í. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ, ohùn rẹ nìkan ló kù tí mo ń gbọ́ nílé yìí. Mo ní kí n ṣáà dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi kò ní lọ. Ṣùgbọ́n ó ń fi ìyẹ́ wọ́lẹ̀ tọ̀ mí bọ̀, Àṣàkẹ́." Oríkì rẹ̀ ló fi pè é. "Èmi tí mo ní kí ẹ pa á, èmi náà ló ń wọ́ tọ̀ bọ̀."

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú.

Nígbà tí Rájí dé, ó fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, kò tẹ aago. Ó rí òwú aláwọ̀ ewé, ó rí tẹ̀sùbáà, ó sì gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀.

"Tú u," ni Àfáà wí, ó jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀ nínú agbádá funfun Jímọ̀.

Rájí rọra tú òwú náà. Òròmọdìẹ náà dìde, ó sì ṣubú. Ràhámọ̀tù di ojú. Nígbà tó là á, òròmọdìẹ náà ti dìde, ó ti ń lọ, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ó dé ìdí awọ àgbò. Kò dúró. Ó gun orí rẹ̀, ó wo ojú Àfáà, ó sì yàgbẹ́ síbẹ̀ fìn-ín.

Lórí awọ tí bàbá fi ń kírun!

Àfáà Mùkáílà wo ìgbẹ́ náà. Ó wo Rájí. Lẹ́yìn náà ó fa áńkáṣífì rẹ̀ yọ, ó gbé òròmọdìẹ náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì nu ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Rájí."

"Bàbá mi."

"Báwo ni Ilé-Ogbó ṣe jìnnà tó?"

"Kò jìnnà, Bàbá. Kí ẹ tó ka wálà tán, kẹ̀kẹ́ ti dé."

"Sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀. Kí ìwọ náà wá fọ awọ yìí, àna mi."

Ọdún kù díẹ̀ kó yí po nígbà tí wọ́n so yìgì wọn. Abọ́ tánganran ìyá Ràhámọ̀tù ni wọ́n fi gbé obì síwájú àwọn àgbà. Ọ̀kan nínú àwọn àfáà tẹjú mọ́ tẹ̀sùbáà ọwọ́ bàbá ìyàwó.

"Àfáà Mùkáílà, òwú Mẹ́kà ìdí tẹ̀sùbáà yín dà?"

Àfáà wo òpin àgbàlá, níbi tí àgbébọ̀ pupa kan ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tan ilẹ̀, ọmọ mẹ́jọ ń sáré tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó wo Ràhámọ̀tù.

"Òun ni mo fi sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ," ó dáhùn, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.