Àṣírí Tí Mojíbọ́lá Bá Ẹ̀gbọ́n Bò

Bí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá ti tó ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan ní Berlin, gbogbo èèyàn á mú kóòtù wọn, wọ́n á jáde lọ jẹun. Mojíbọ́lá nìkan ni kì í lọ. Á dúró títí wọ́n á fi jáde tán, á wá dìde níbi tirẹ̀, á lọ jókòó sórí àga Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí.

Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí fúnra rẹ̀ á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ìta.

"Àbúrò, ṣé ó ti ń parí?"

"Ó kù díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ yà yìí ò kan òkè. Mò ń tún un ṣe."

"Olúwa á tún tìrẹ náà ṣe. O ṣeun, jàre. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Bí àwọn yòókù bá fi máa padà dé, oníkálukú ti wà lórí àga rẹ̀.

Kí a má parọ́ mọ́ Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí, ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya ilé ní Germany, ilé tó yà kò sì wó rí. Ìlà ló mọ̀ ọ́n fà: ìlà lórí pépà látijọ́, ìlà nínú kọ̀ǹpútà nígbà tó yá. Òun àti Ayọ̀níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló gba Mojíbọ́lá sílé ní àdúgbò Märkisches Viertel ní Berlin nígbà tó ti Èkó dé, tí kò mọ ẹnì kankan. Òun náà ló mú un lọ bá Frau Brandes, ọ̀gá ọ́fíìsì wọn, tó sì sọ fún obìnrin náà pé, "Ẹ gba ọmọ yìí, mo dúró fún un." Irú oore bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń gbàgbé.

Àmọ́ lọ́dún 2018, Frau Brandes kó ọ̀nà iṣẹ́ tuntun dé. BIM ni wọ́n ń pè é. Nínú BIM, wọn kì í fa ìlà lásán mọ́. Odindi ilé ni wọ́n ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tògiri tòpó, tòun ti páìpù àti wáyà. Gbogbo ẹni tó bá sì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé náà, ì báà wà ní Berlin, ì báà wà ní Hamburg, inú ilé kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí o bá sún fèrèsé kan níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa rí i.

Kita kan ní Veddel, ní Hamburg, ilé tí wọ́n á ti máa tọ́jú ọmọdé, ni wọ́n kọ́kọ́ fi BIM ṣe. Frau Brandes sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá yé kó nawọ́, òun á sanwó olùkọ́ fún un. Ó tún ní bí iṣẹ́ Kita yìí bá parí, kò sáyè ẹni tó ń fa ìlà lásán mọ́ nínú ọ́fíìsì òun.

Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí kò nawọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ nawọ́? Àwọn ọmọ tó lè bí ló kún yàrá náà. Ikú yá j'ẹ̀sín ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

Bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n á fa ìlà rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n fà, Mojíbọ́lá á kọ́ ọ sínú BIM lórúkọ rẹ̀. Frau Brandes ń rí orúkọ Herr Láoyè, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí, lára iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, ó wá ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wo ọkùnrin yìí, kí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Mojíbọ́lá ju oúnjẹ tí kò jẹ lọ. Kò mọ̀ pé kòtò lòun ń bá ẹ̀gbọ́n òun gbẹ́.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àìsàn dá Mojíbọ́lá dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ń yẹ ilé wò nítorí ìjàǹbá iná ní Hamburg ní kí wọ́n sún ihò tí páìpù máa gbà kọjá nínú dẹ́kì, pé ó ti sún mọ́ àtẹ̀gùn jù. Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí sún un lórí àwòrán onílà tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sáwọn tó fẹ́ da dẹ́kì. Nínú BIM, ihò ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sún un níbẹ̀, kò sì fẹ́ yọ aláìsàn lẹ́nu. Ó ní bí àbúrò òun bá ti gbádùn, á bá òun ṣe é.

Kọnkéré kì í dúró de aláìsàn. Wọ́n da dẹ́kì bí àwòrán Ẹ̀gbọ́n ṣe wí, àwọn oní-páìpù gé páìpù tiwọn bí BIM ṣe wí. Ìgbà tí wọ́n pàdé, orí kọnkéré gbagidi ni páìpù bọ́ sí, ihò sì la ẹnu sílẹ̀ láàárín yàrá tí àwọn ọmọdé á ti máa sùn. Wọ́n sáré lu ihò mìíràn, wọ́n sì gé irin inú dẹ́kì. Ẹnjiníà dé, ó mirí. Ó ní àfi kí wọ́n wó dẹ́kì náà.

Wọ́n pe ìpàdé nínú kọ̀ǹténà kan ní sáìtì. Frau Brandes, Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí àti Mojíbọ́lá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ. Kàúsárà, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà ní Hamburg, ló ń bójú tó BIM. Ó gbé ilé náà sójú ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì fi èdè Jámánì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Herr Láoyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí i. Ẹ fi ibi tẹ́ ẹ sún ihò náà sí hàn wá."

Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí di máòsì mú. Ó tẹ̀ ẹ́, ilé dojú dé. Ó tún un tẹ̀, ògiri kan pòórá. Ẹnì kan wúkọ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

Mojíbọ́lá dìde. "Ẹ jẹ́ kí n bá wọn..."

"Nein," ni Frau Brandes wí. "Herr Láoyè ni kó ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí rọra gbé máòsì sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bi ọmọ yẹn ní nǹkan kan."

Ẹkún tí Mojíbọ́lá sun lẹ́yìn kọ̀ǹténà lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá rí i á rò pé òkú ló kú fún un. Kàúsárà wá bá a níbẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé kí n dójú tì wọ́n níwájú òyìnbó ni?"

"Ohun tójú wọn wá rí lónìí ńkọ́?" Kàúsárà jókòó tì í. "Mojí, gbogbo ìgbà tó o fi bá wọn ṣe é, ká ní o ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ di máòsì mú, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é,' wọn ò bá ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìmọ̀ ilé kíkọ́ tó le, ó ti wà lórí wọn. Nǹkan títẹ̀ ló kù. Tí wọ́n bá sì kọ̀, olùkọ́ wà tó máa ń jókòó ti èèyàn kan ní kọ̀rọ̀, láìsí ọmọdé kankan níbẹ̀. Ọ̀gá yín ní òun á sanwó."

"Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. Àmọ́ BIM ò gba kí ilé kan ní àwòrán méjì. Bí nǹkan bá yí padà, inú ẹ̀ la ti kọ́kọ́ ń yí i, kẹ́nikẹ́ni tó po símẹ́ńtì. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n yí, kó ké sí wa. Èmi gan-an, bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí dúró kí ọdún tó parí. Gbogbo ọ́fíìsì tó lọ ló ń bi í bóyá ó mọ BIM. Nígbà tó yá, ó gba iṣẹ́ páálí títò ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Hamburger Hafen, èbúté ọkọ̀ òkun Hamburg, ó ń sùn síbẹ̀, ó ń wá wo ìyàwó àtọmọ lópin ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ tó ń ya ilé wá di ọwọ́ tó ń ti ẹrù. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Mojíbọ́lá lọ sí Märkisches Viertel lọ bẹ̀bẹ̀. Ọmọbìnrin wọn ló ṣílẹ̀kùn. "Papa ist in Hamburg," ló wí, pé bàbá òun wà ní Hamburg, ó sì wọlé lọ. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ níwájú Ayọ̀níkẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mò ń bá wọn ṣe iṣẹ́ BIM yẹn. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ni, wọn ò bá má débi tí wọ́n wà yìí."

Ayọ̀níkẹ́ wò ó títí. "Ìwọ lò ń ṣe é?"

"Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Ohun tó ń sọ fún wa ni pé òun lòun ń kọ́ ẹ. Ó ní ó ń yé ẹ díẹ̀díẹ̀. Àràárọ̀ la máa ń gbàdúrà fún ẹ níbí, èmi àtọmọ, pé kí Ọlọ́run là ẹ́ lóye."



Ẹ̀yin ará wa lẹ́nu iṣẹ́, irú Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí pọ̀ láàárín wa. Bí ọ̀nà iṣẹ́ tuntun bá dé tí kò yé yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ṣì ń kọ́ ọ ni. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi ọ̀gá yín nípa ẹ̀kọ́ àfikún, ohun tí wọ́n ń pè ní Weiterbildung níbí. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ béèrè ní Agentur für Arbeit, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má dúró de ẹni tó máa nawọ́ láàárín èrò. Ẹ pe àgbà sí kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bi í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà ṣe. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní sùúrù, kí ọwọ́ tirẹ̀ sì máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀wọ̀ tí kì í jẹ́ kí àgbà kọ́ṣẹ́, oúnjẹ ẹnu àgbà yẹn ló ń gbà.